Ọ̀rọ̀ Tí Mo Túmọ̀ fún Ìyàwó Mi

Ògbufọ̀ ni mí nígbà náà ní ìjọ wa kékeré ní Narayi, nílùú Kaduna. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé Pásítọ̀ wá fún wa. Haúsá tí Pásítọ̀ gbọ́ kò ju "sannu" lọ, ìyẹn gan-an sì máa ń há wọn lọ́fun. Wọ́n á wàásù ní Yorùbá, èmi á sọ ọ́ ní Haúsá fún ìdajì ìjọ tí kò gbọ́ èdè wa. Ìyàwó mi wà nínú ìdajì yẹn. Ọmọ apá gúúsù Kaduna ni. Gbogbo Yorùbá tó mọ̀ kò ju "jẹun" àti "òpùrọ́" lọ, èmi ni mo sì fi méjèèjì kọ́ ọ.

Ọdún náà ni ilé iṣẹ́ aṣọ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Mi ò lè sọ fún ìyàwó mi. Fún oṣù mẹ́ta, mò ń so táì láràárọ̀, òun ń di ìrẹsì sínú kúlà fún mi, mo sì ń wọkọ̀ lọ sí Mahuta, níbi tí mo ti ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà. Tí mo bá délé, mo tún ń ráhùn pé ọ̀gá mi ń yọ mí lẹ́nu. Ọ̀gá wo?

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Pásítọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pẹpẹ. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ bá mi gbàdúrà kí n lè rí ẹnu sọ fún un, Pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó má jáde."

"Arákùnrin mi, inú kànga lo sọ ọ́ sí yìí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìwàásù ń parí lọ, Pásítọ̀ dijú.

"Mo rí ọkùnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò!"

Ẹnu mi ti túmọ̀ rẹ̀ kí ọkàn mi tó gbọ́ ọ.

"Ó so táì. Kúlà oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀!"

Àwọn Yorùbá pariwo, "Jésù!" Àwọn yòókù ń wò mí, wọ́n ń dúró de tiwọn. Ìyàwó mi wà níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe máa ń ṣe tí mo bá di makirofóònù mú. Mo lè sọ pé Olúwa ní igi máńgòrò yóò so púpọ̀ lọ́dún yìí. Ta ni yóò mú mi? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò jẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ délẹ̀, mo wá fi tèmi kún un: "Ni ne." Èmi ni.

Ẹnì kan sáré sọ ọ́ ní Yorùbá. Pásítọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ ò rí i? Ẹ̀mí kì í purọ́!" Ni gbogbo ìjọ bá ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo jẹ́wọ́, Pásítọ̀ ló di aríran.

Nígbà tí a sún mọ́ ilé, ìyàwó mi bi mí ní Haúsá.

"Maigida, baálé mi, Ọlọ́run ló sọ fún un?"

"Èmi ni mo sọ fún un, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó dúró. "Òun lo kọ́kọ́ sọ fún? Èmi tí mò ń di ìrẹsì ńkọ́?"

Ó ṣáájú mi wọlé.

Mi ò bínú pé Pásítọ̀ ò ríran. Mo ti wà lábẹ́ olùṣọ́ àgùntàn tí kò rí ìran kan rí, àmọ́ ohun tí o bá sọ fún un, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń sùn. Ohun tó dùn mí ni pé ibi tí mo sá pamọ́ sí ni wọ́n ti fà mí jáde. Èyí tó burú jù ni pé èrò túbọ̀ kún ìjọ, tí wọ́n ń tò sẹ́yìn pẹpẹ láti lọ sọ àṣírí wọn fún aríran.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Pásítọ̀ wá sílé wa. "A ò rí yín mọ́, arákùnrin."

Ìyàwó mi ti fura sí ohun tí wọ́n bá wá, ó dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ní Haúsá pé kí Ẹ̀mí tó fi igi máńgòrò hàn wọ́n fi ibi tí a ti ń jọ́sìn báyìí hàn wọ́n.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n yíjú sí mi. "Kí ni màdáámù wí?"

"Pásítọ̀, mo ti fi iṣẹ́ ògbufọ̀ sílẹ̀."

Iṣẹ́ kejì tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún yẹn nìyẹn. Èyí, ojú ìyàwó mi ló ṣe.