Fóònù Kejì Ẹ̀gbọ́n Òkè

Òórùn edé tó ti ń kan, tó pò mọ́ ti bẹntiróòlù, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ yìí padà wá sí mi lọ́kàn títí dòní. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsọlọ̀, níbi tí mo ti ń tún fíríìjì ṣe, mo máa ń tọ́jú edé sínú fíríìsà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe tán, kí n lè rí ìjẹ fi sẹ́nu ìwọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó mi a ní kí n má wulẹ̀ sún mọ́ òun, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi nígbà yẹn tó pé kí n kúrò láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, kí n lọ jókòó sínú ọkọ̀ lójú òkun, kí n sì ju okùn ìwọ̀ sómi. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò kí ń ṣe apẹja. Eré ni mò ń ṣe. Eré yẹn ni mo fi ìbínú pa tì, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Ọlọ́kọ̀ tó ń gbé èmi àti àwọn mélòó kan tó fẹ́ràn ìwọ̀ lọ, ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Fíríìsà rẹ̀ tí kò mú omi dì mọ́ ló gbé wá sọ́dọ̀ mi tá a fi mọra. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́ òun jẹ, ó ní, “Ẹnjiníà, wá bá mi lọ sójú omi lọ́jọ́ kan.” Láti jẹ́tì kan lẹ́yìn Máìlì Tú la ti ń wọkọ̀, a ó gba ọ̀sà kọjá títí omi á fi yí àwọ̀ padà, tí ìgbì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ sókè sódò. Níbẹ̀ ni yóò ti dín iná ẹ́ńjìnnì kù, tí yóò sì máa wẹ̀yìn. Òpó irin gíga kan wà lórí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sẹ́yìn òrùlé funfun kan gẹ́lẹ́, kí igi àgbọn méjì sì kan ara wọn lápá òsì, kó tó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kan rì sí nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, inú rẹ̀ làwọn sínápà sì ń gbé. Ẹja pupa ni, ó lágbára. Tó bá ti gbé ìwọ̀ mì, á máa fi orí dá ilẹ̀ gbì, gbì, gbì, okùn á sì máa ya èèyàn ní ìka. Mo fẹ́ràn ìrora yẹn gan-an.

Òfin kan ni ọlọ́kọ̀ ní. Ká tó kúrò ní jẹ́tì, oníkálukú á fi fóònù rẹ̀ sínú ike pẹ́ńtì kan tó ní ìdérí, òun á sì gbé e sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ títí a ó fi padà dé. Máàpù inú fóònù ló ń sá fún. Bàbá rẹ̀ ló fi ibẹ̀ hàn án, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n. Ẹja márùn-ún péré ló ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni nínú wa pa níbẹ̀, òun náà kì í sì í lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. “Eré lẹ̀yin ń ṣe,” ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan, “èmi, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.” Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Ẹ̀gbọ́n òkè ni mo wá mú lọ síbẹ̀. Jákàǹdè Ẹ́sítéètì là ń gbé, òkè orí mi gan-an lòun wà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ni. Òun ló dúró fún mi nígbà tí mò ń wá ilé síbẹ̀, nítorí náà, bó bá bá mi wí níwájú ìyàwó mi pàápàá, “Ẹ ṣé sà” ni mò ń dá a lóhùn. Nígbà tó gbóòórùn ẹja tá à ń dín, ó ní òun náà fẹ́ tẹ̀ lé wa. Mo bá a bẹ ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ bi mí pé, “Ṣé èèyàn gidi ni?” Mo ní, “Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tá a lọ, ẹ̀gbọ́n òkè ju fóònù rẹ̀ sínú ike lójú gbogbo wa, ó tiẹ̀ ń fi ọlọ́kọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bíi ṣọ́jà. Ìgbà tá a ju ìdákọ̀ró tán, tí ọlọ́kọ̀ kọ̀yìn sí wa tó ń gé ìjẹ, mo rí táwẹ́ẹ̀lì lórí itan ẹ̀gbọ́n òkè, iná kékeré kan sì ń tàn lábẹ́ rẹ̀. Fóònù kejì ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí i pé mo ti rí òun, ó ṣẹ́jú sí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tó o. Kí n kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ìyẹn náà síbẹ̀.” Ṣùgbọ́n mo ní báwo ni màá ṣe dójú ti ẹni tó jù mí lọ níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, nínú ọkọ̀ téèyàn ò ti lè dìde kúrò? Mo yíjú sómi. Mo pa márùn-ún tèmi, wọ́n tóbi, mo sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín títí a fi dé ilé.

Kò pé oṣù kan. Mo wà ní Òṣòdì, mo lọ ra gáàsì fíríìjì, ni fóònù mi bá dún. Ẹgbẹ́ Wásáàpù ẹ́sítéètì wa ni. Ẹ̀gbọ́n òkè ló wà nínú àwòrán, ó gbé sínápà méjì sáyà, àmì ibi tí ọkọ̀ yẹn rì sí sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí máàpù, kedere. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹja gidi, kó máa lọ síbẹ̀. Wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ kiri dé Èjìgbò. Mi ò ra gáàsì mọ́, mo wọkọ̀ padà sílé, mo gun àtẹ̀gùn lọ bá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbóhùn sókè sí i nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, ibi tí bàbá yẹn ti ń jẹun lẹ gbé síta yìí.”

Ó ń tayín, kò tiẹ̀ dìde. “Ṣé bàbá rẹ̀ ló dá òkun ni? Ẹja Ọlọ́run ni. Lọ fomi tútù mu.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ padà sílé mi. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni èsì rẹ̀ tó wá sí mi lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé ẹja Ọlọ́run ni lóòótọ́, kí ni táwẹ́ẹ̀lì ń ṣe lórí itan rẹ? Kí lo wá ń fi fóònù kan sínú ike fún, tó ò ń tan bàbá olóbàbá? Mo sọ ọ́ fún ògiri ṣọ́ọ̀bù mi títí ó fi sú mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ọlọ́kọ̀ ní jẹ́tì. Ó ti gbọ́. Ó ní kí n wọkọ̀, àwa méjèèjì péré la lọ. Ọkọ̀ méje ló wà níbẹ̀, wọ́n ń lu orin, wọ́n ń mu ọtí. Ọlọ́kọ̀ ṣì wẹ̀yìn wo òpó àti òrùlé funfun yẹn, bẹ́ẹ̀ afọ́jú gan-an ò lè ṣi ibẹ̀ mọ̀ mọ́. A ju ìwọ̀, kò sí gbì kankan. Nígbà tí mo fà á, àwọ̀n jíjá ló bá a wá. Àwọn kan ti da àwọ̀n síbẹ̀, ó há sára irin ọkọ̀ tó rì, wọ́n gé e, wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa pa ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ.

Ọlọ́kọ̀ ń já àwọ̀n náà kúrò lẹ́nu ìwọ̀ mi. Ó ní, “Ìwọ ni mo mọ̀, Ẹnjiníà. N kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ.” Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ṣé o rí i nígbà tó ń tẹ fóònù?”

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo ní, “Mo rí i, Bàbá.”

Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Ó fa ìdákọ̀ró sókè, ó gbé mi padà sí jẹ́tì, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Mo gbọ́ pé èrò ló ń gbé sọdá ọ̀sà báyìí.

Mo ti bínú sí ẹ̀gbọ́n òkè tẹ́rùn. Ara mi ni mo wá ń bínú sí. Dídákẹ́ tí mo dákẹ́ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo pè é ní ọ̀wọ̀, mo pè é ní ẹ̀kọ́ ilé, irọ́ ni, ojo ni mo ṣe. Ọlọ́kọ̀ yẹn ju ẹ̀gbọ́n òkè lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Kí ló dé tí ọ̀wọ̀ mi ò dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀? Ṣé torí pé òun ò fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìjọba ni, àbí torí pé kò wọ bàtà?

Láàárọ̀ yìí, mo pàdé ẹ̀gbọ́n òkè lórí àtẹ̀gùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè é, mo sì mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Àbúrò, ṣé dáadáa?” Kí n tó mọ̀, mo ti tẹríba, mo ti ní, “Ẹ káàárọ̀ sà.”