Eérú Yíká Kànga

Aṣọ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni. Wọ́n sá a sórí okùn ní àgbàlá tó kángun sí tiwa, omi sì ń kán lára rẹ̀ sínú eruku. Mo dúró níbi ògiri, mò ń wò ó. Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé ti di iyanrìn, ewé igi tíìkì ti rẹ̀ dànù tán, àwọn tí kò ní kànga sì ń fi alùpùpù gbé omi nínú kẹ́ẹ̀gì wá láti ìlú Glei. Ilé yẹn kò ní alùpùpù. Kànga bàbá mi ló súnmọ́ wọn jù, àgádágodo sì wà lórí rẹ̀. Nítorí tiwọn gan-an ni bàbá mi ṣe fi í síbẹ̀. N kò mọ ibi tí omi inú aṣọ yẹn ti wá.

Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga náà. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹ. Ọkùnrin ilé kejì náà ń gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀ lákòókò kan náà, wọ́n sì máa ń pariwo sí ara wọn láti inú ihò, wọ́n á ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ rí omi. Àpáta ló dá ọkùnrin yẹn dúró. Ó fi ihò rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ààtàn. Bàbá mi ò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kànga ya lu àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀. Mo rántí ìró rẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá ṣàdédé jókòó. Lẹ́yìn náà, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Bàbá mi kúnlẹ̀ sétí ihò náà, ó sọ̀rọ̀ sókè, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.

“Olúwa, bí o bá fún mi ní àbúrò mi, tí o sì fún mi lómi, ẹnikẹ́ni ò ní kúrò nídìí kànga yìí pẹ̀lú korobá gbígbẹ. Títí láé.”

Okùn wà ní ìbàdí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n fà á. Bàbá mi àti ìyá mi, ọkùnrin ilé kejì àti ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé nígbà náà, àwọn ló fà á. Okùn náà bó ìyàwó yẹn lọ́wọ́, kò sì jù ú sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ lẹ́nu, ó ń mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù rinrin. Omi ti dé.

Omi náà ní bó ṣe ń rí lẹ́nu, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan irin ọ̀bẹ. N kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn, títí dé ìlú Atakpamé níbi tí àwọn Sísítà ìjọ Àgùdà ti kọ́ mi níwèé.

Láti ìgbà yẹn ni bàbá mi ti ń pe obìnrin ilé kejì ní “Ìyàwó”. Ó bímọ, ọmọ rẹ̀ dàgbà, ọkọ rẹ̀ kú, Ìyàwó náà ló ń jẹ́ lẹ́nu bàbá mi. Àfi ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gé àwọn igi tíìkì tó wà láàárín ilẹ̀ wa àti tiwọn, wọ́n fi ṣe òrùlé. Bàbá mi ní inú ilẹ̀ tòun ni ìdí igi náà wà. Àwọn ọmọ náà ní bàbá àwọn ló gbìn ín. A lọ síwájú olóyè, a padà wálé, ọ̀rọ̀ ò yanjú. Nígbà tí a padà dé, bàbá mi gba ọ̀dọ̀ jórinjórin tó wà létí títì lọ, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ọmọrí irin fún kànga. Ó ra àgádágodo sí i. Ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn rósárì rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ ọrùn. Ó máa ń ṣí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ẹni tó bá wá, àyàfi àwọn ará ilé kejì. Kò pe obìnrin náà ní Ìyàwó mọ́. Ó di “àwọn ará ẹ̀yìn tíìkì”.

“Bàbá,” mo ní, “ẹ ti ṣèlérí.”

“Fún ta ni?”

“Fún Ọlọ́run.”

“Ọlọ́run mi ni mo ṣèlérí fún. Àwọn yẹn ní tiwọn tí wọ́n ń bọ. Kí wọ́n ní kó wá gbẹ́ kànga fún wọn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì, kó tó fa omi láàárọ̀, ó máa ń ju òkúta kékeré kan sínú kànga, á sì dẹ etí.

“Kí lẹ ń gbọ́?”

“Mò ń wò ó bóyá ó ṣì wà.”

Ohun kan náà ni èmi náà ń retí. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ìjọ, ní ọjọ́ Sátidé, mo sì ti sọ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó bá ba àdéhùn jẹ́, Ọlọ́run a gba ohun tó fún un padà. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gbà gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn á dé. Lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló kù. Kànga náà á gbẹ, a ó sì jọ jókòó nínú eruku, àwa àti àwọn tí a lé. Ohun tó ń dùn mí jù ni ọmọ ọwọ́ tó wà ní ilé yẹn. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ obìnrin náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti dé pátápátá.

Lọ́jọ́ tí mo rí aṣọ yẹn, mo gbé korobá omi kan láti inú èyí tí a fà sílé, mo gbé e dé ibi ògiri, mo pe obìnrin náà.

Kò wo ojú mi. “Gbé e padà, ọmọ mi,” ó ní. “Ohunkóhun ò wọ́n wa.”

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ilé, mo gbọ́ tí wọ́n ń da omi lé ọmọ lórí. Wọn ò fi ṣahun. Wọ́n ń dà á bí ẹni tí odò wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi. Ǹ bá má ti sọ. Ó ní wọ́n ń jí i ni, wọ́n ti rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó ti ti kànga, ó kó eérú láti ìdí ààrò, ó gbọ̀n ọ́n yí kànga ká, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n sá. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe níbí nìyẹn bí olè bá ń wọ oko. Ẹsẹ̀ olè á hàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹsẹ̀ kankan ò sí nínú eérú náà. Ẹsẹ̀ adìyẹ pàápàá ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eérú náà ti tutù. Ó ti dúdú, ó sì ti ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, yíká yíká, gbogbo rẹ̀. Bàbá mi fi ìka kàn án. A gbójú sókè, ọ̀run funfun, ọyẹ́ bò ó, ìrì kì í sẹ̀ lásìkò yẹn. Mo fọwọ́ kan ọmọrí irin náà, ó tutù bí ara òkú, ó sì ń làágùn. Láti abẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

“Ju òkúta,” ni bàbá mi wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń jù ú.

Ó ṣí ọmọrí. N kò ní láti ju nǹkan kan. Omi ti gòkè wá. Ní ìgbà tí òjò pọ̀ jù lọ, a máa ń tú okùn sílẹ̀ títí ọwọ́ á fi rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, omi náà wà níbi tí bàbá mi lè fi ọwọ́ kàn án bó bá dọ̀bálẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ nítòsí, ó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Omi náà ò mì. Ó ń gba àárín òrùka kọnkéré tí wọ́n fi gbé ẹnu kànga ró jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, òun ló sì rin eérú.

Bàbá mi ò fà á. Ó da ọmọrí padà, ó jókòó sílẹ̀.

“Ó ń bọ̀ wá bá mi,” ó ní. Ó tún ní: “Mo ti múra sílẹ̀ pé á gbẹ. Ìyẹn ni mo múra sílẹ̀ fún.”

Bó bá gbẹ ni, ǹ bá ti mọ àdúrà tí mo máa gbà. Bí mo ṣe ń wo ẹ̀yìn bàbá mi, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti gbọ́ gbogbo ohun tó sọ nípa kànga yẹn, ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn, kò sì fèsì bí a ṣe rò.

Mo gba àárín kùkùté tíìkì kọjá lọ sí ilé kejì. Obìnrin náà ń gbálẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ pa mọ́: “Màmá, níbo lẹ ti ń rí omi?”

Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣáájú mi lọ sẹ́yìnkùlé, síbi ihò tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ tó fi sílẹ̀. Wọ́n ti kó ààtàn kúrò níbẹ̀. Ihò náà mọ́, omi sì wà nínú rẹ̀, dúdú, ó dákẹ́ bíi tiwa.

“Ìgbà wo ló dé?”

“Ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ fi irin bo tiyín. A gbọ́ ọ ká tó rí i. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń mí lábẹ́ ìdọ̀tí. Ọmọ mi ní ká fi erùpẹ̀ dí i, mo ní kó jẹ́ ká wò ó ná. Ẹ̀rù bà wá láti mu ún. Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ún, kó tó jẹ́ pé ọmọ ló máa mu ún.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?”

“Kí bàbá rẹ lè wá fi irin bo èyí náà?”

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó gbé ọmọ dání fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bu omi náà mu. Irin ọ̀bẹ lórí ahọ́n ni.

Mo padà lọ mú bàbá mi wá. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yẹn láti ìgbà tí a ti lọ síwájú olóyè.

“Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n,” ni obìnrin náà wí.

Obìnrin náà fa omi, ó bu ú sínú igbá, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un bí wọ́n ṣe ń gbé omi fún àlejò. Bàbá mi mu ún, ó dúró, ó tún mu ún.

“Omi mi ni,” ó ní.

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sọ orúkọ ẹni tó ni ín nígbà tó dé.”

Bàbá mi jókòó sórí ilẹ̀. Mo rí i tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà, níbi tí okùn ti bó o nígbà yẹn, tí awọ ibẹ̀ ṣì ń dán. Obìnrin náà fa omi kún korobá kan, ó gbé e síwájú rẹ̀.

“Ẹ gbé e lọ,” ó ní. “Ẹnikẹ́ni kì í kúrò nídìí kànga yìí pẹ̀lú korobá gbígbẹ.”

Bóyá ó fi gún un lára ni, bóyá ó sọ ọ́ tọkàntọkàn ni, n kò lè sọ títí dòní. Kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó,” ni bàbá mi wí. “O ṣì rántí ọ̀rọ̀ yẹn?”

“Mo di okùn mú, Ẹ̀gbọ́n. Etí mi ò dí.”

Kò jẹ́ kí n bá òun gbé korobá náà. Ó gbé e fúnra rẹ̀, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀ títí dé ilé. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn rósárì rẹ̀. Ọmọrí irin náà wúwo fún un, nítorí náà ó ní kí n lọ pe àwọn ọmọ tó gé tíìkì. Wọ́n wá, wọ́n fi irin yọ ọ́ kúrò lára kọnkéré, wọ́n sì gbé e lọ sílé wọn nítorí kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n má gbé e.

Omi ihò ẹ̀yìn ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láti ọjọ́ náà, ní jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rìn sẹ́yìn kúrò níbi tí wọ́n ti ń sùn. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ó ti gbẹ. Tiwa náà padà sí ibi tó máa ń wà. Ibẹ̀ ni àwọn ará ilé kejì ti ń fa omi báyìí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú gbogbo abúlé. Obìnrin náà ò jẹ́ kí wọ́n da ìdọ̀tí sínú ihò yẹn mọ́.

Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ àdéhùn, mo máa ń dúró díẹ̀, torí n kò lè sọ ọ́ mọ́ bí mo ti ń sọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé Ọlọ́run ò gbàgbé ohun tí a sọ. Mo sọ fún wọn pé òun fúnra rẹ̀ á ṣe é bí a kò bá ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tíìkì náà ò tíì yanjú. Àwọn ọmọ náà gbin òmíràn nígbà òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí bàbá mi ní wọ́n tún ti wọ ilẹ̀ òun. Ó bínú dìde, ó ní òun máa gba ọmọrí òun padà, ó sì lọ sílé wọn. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mò ń retí ariwo. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó padà wá ní ọwọ́ òfo.

“Bàbá, kí lẹ lọ ṣe?”

“Ìyàwó sá ata sórí rẹ̀,” ó ní. “Kò tíì gbẹ.”

Ó jókòó, ó mú òkúta kékeré kan nílẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. Kò jù ú.