Ọmọlangidi Tí Wọ́n Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Èmi ni mo lọ fi ẹjọ́ Màmá sùn. Kí n tètè sọ ọ́, kí n tó máa wá àwáwí kiri.

Ilé ìtọ́jú ìjọba kékeré kan ní Ìwó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Girama ni mo kà dé, èmi ni mo ń wá káàdì fún àwọn tó bá wá gba ìtọ́jú. Màmá ni àgbà nínú àwọn agbẹ̀bí wa. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí èrò tó dé, wọ́n máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, wọn a gbé ọmọlangidi rọ́bà kan kalẹ̀, kí kálukú fi kọ́ bí a ṣe ń jí ọmọ tuntun tí kò mí. Wọn a ní kí a tún ọrùn rẹ̀ ṣe, kí a fi ámbù bo ẹnu àti imú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí a máa ń tẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọnú ọmọ.

"Ọwọ́ máa ń gbàgbé," Màmá a wí. "Orí lè rántí, kí ọwọ́ má rántí."

Mo wá rí i pé tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, báàgì Màmá máa ń wú. Mo yẹ kọ́bọ́ọ̀dù wò, ọmọlangidi ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ wọn. Mo ro ti àwọn tó ń kọ́ ọmọge níṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní Màmá ti ń fi nǹkan ìjọba ṣòwò. Mo tiẹ̀ tẹ̀lé wọn dé ìdí ọ̀kadà.

"Olúpọ̀nnà ni o, má sáré," ni mo gbọ́ tí wọ́n wí.

Kí ni wọ́n ń wá ní Olúpọ̀nnà ní gbogbo Jímọ̀? N kò bi wọ́n. Mo ní ọmọdé kì í wádìí àgbà, mo wá gba ẹ̀yìn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá wa obìnrin.

Ọ̀gá náà ò bi Màmá. Wọ́n ra àgádágodo, wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́kọ́rọ́ wà nínú báàgì wọn, ìpàdé tí wọ́n ń lọ ní Òṣogbo kì í sì í tán. Ọjọ́bọ̀ kan kọjá láìsí ìdánrawò. Òmíràn tún kọjá. Màmá kàn ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí obìnrin kan tó bí ọmọ tí kò ké. Nọ́ọ̀sì tuntun tó dé ọ̀dọ̀ wa kété kí wọ́n tó ti kọ́bọ́ọ̀dù, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló gbẹ̀bí rẹ̀. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ látinú yàrá: "Ẹ bá mi pe Màmá! Kò wọlé, atẹ́gùn ò wọlé!"

Ìta ni Màmá wà, wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n sáré wọlé, èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Orí ẹ̀ ti lọ sẹ́yìn jù. Tún un ṣe. Rọra tẹ̀ ẹ́ jàre, kì í ṣe táyà kẹ̀kẹ́ lò ń fún ní atẹ́gùn!"

Ọmọ náà ké. Alihamudulilahi.

Ìgbà tí Màmá ń fọ ọwọ́ ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Àwọn agbẹ̀bí Olúpọ̀nnà ni mò ń gbé ọmọlangidi yẹn lọ fi kọ́. Wọn ò ní tiwọn. Ta ló lọ rojọ́ mi?" Wọ́n yíjú sí Àǹtí. "Kí o tó dé, a kì í ti nǹkan níbí."

Àǹtí kúnlẹ̀. "Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, èmi kọ́."

"Hìn. Ṣé ìwọ á jẹ́wọ́ ni?"

Káàdì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Ọ̀gá wa ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù padà báyìí. Bó bá kan Àǹtí lọ́jọ́bọ̀, Màmá á na ọmọlangidi sí i láìwo ojú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Àǹtí bi mí pé, "Bọ̀dá, ta ni ẹ rò pé ó lọ sọ ọ́?" Mo ní n ò mọ̀. Gbèsè gbólóhùn kan ni mo jẹ ẹ́, pé èmi ni, níwájú Màmá ni mo sì gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́. N kò tíì sọ ọ́.