Obìnrin Kan Tí A Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ìjọba alágbádá kò tíì pẹ́ lórí àlééfà nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ibùdó áńbúláǹsì kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ wá láti Adó-Èkìtì. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti gbé aláìsàn dé ọsibítù tán, wọn á wá jókòó tì mí, wọn á máa sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́nà, èmi á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: bí aláìsàn ṣe ń mí, bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí, oògùn tí wọ́n fún un. Tẹ́lẹ̀, orí páálí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, òjò a sì máa pa á.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe ọkọ̀ wa sí ilé iṣẹ́ kan lápá Agége, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù ibùsùn. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ikọ́ fée, èémí rẹ̀ sì ti ń há. Kò sẹ́ni tó bá a wọ ọkọ̀. Kí wọ́n tó dé ọsibítù, ó ti kú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó wà nínú ọkọ̀ náà jókòó tì mí, mo bèèrè orúkọ aláìsàn.

"Kò lè sọ̀rọ̀," ó ní. "Kọ ọ́ pé a ò mọ̀ ọ́n."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti wá a rí ní ọsibítù, tí wọ́n sì ti sin ín, bàbá rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. Alápatà ni wọ́n ní Oko Ọba, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n mú ìwé tí kọ̀ǹpútà wa tẹ̀ fún ọsibítù dání. Ẹnìkan ti bá wọn kà á.

"Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí."

"Àwa ni, sà."

"Wọ́n ní ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi lórúkọ. Èmi gan-an ni mo pa àgbò ìsọmọlórúkọ rẹ̀."

Mo lọ bá ọ̀gá wa. Ó ní a kì í ṣí àkọsílẹ̀ tí a bá ti tì pa. Ṣùgbọ́n ó yọjú, ó rí bàbá náà lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣí i fún wọn," ó ní.

Bí mo ṣe ní kí n ṣí i ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ kò ní epo. A jọ jókòó sínú ooru, à ń retí iná.

Ibẹ̀ ni a wà tí nọ́ọ̀sì yẹn ti òde dé. Mo sọ ẹni tí bàbá náà jẹ́ fún un. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ó pè mí?"

Nọ́ọ̀sì wojú mi. Ọkàn mi ń bẹ̀ ẹ́ kó purọ́.

"Kò lè pe ẹnikẹ́ni, sà. Èémí kò jẹ́. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi lọ."

"Ọwọ́ wo?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá gbà á, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wá nǹkan lára rẹ̀, wọn ò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá ni wọ́n wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ó tó. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí iná dé, wọ́n sọ orúkọ náà fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo tẹ̀ ẹ́ sí àyè rẹ̀, mo sì kà á sétí wọn, torí wọn ò mọ̀wé.

"Tún un pè," wọ́n ní. "Ìyá rẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má pè é nílé wa mọ́."

Mo tún un pè. Wọ́n mi orí, wọ́n dìde, nọ́ọ̀sì sì sìn wọ́n dé títì. Kò tíì padà wọlé tí dírẹ́bà fi fọn fèrè: mọ́tò kan ti gbá ènìyàn. Ó fi ìborùn nu ojú, ó sì wọ ọkọ̀.