Ibi Tí Omi Dé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí ni mo parí àwòrán ìlú wa tí òkun gbé mì. Gbogbo ilé tí ó wà níbẹ̀ ni mo yà sí i, láti èyí tí ó kọjú sí òkun dé èyí tí ó kẹ́yìn sí odò, pẹ̀lú afárá pákó tí ó so wọ́n pọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ìbínú ni ó mú mi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbínú náà ni kò sì jẹ́ kí n fi í sílẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí òpó igi ẹ̀gbà, igi tí ń hù létí omi, ni ilé wa dúró sí, omi ń ṣàn lábẹ́ ibùsùn wa. Bí ìsinmi ilé ìwé bá dé, kò sí ọmọ tí ń béèrè ohun tí òun yóò ṣe. À ń tu ọkọ̀, à ń tú ẹja kúrò lára àwọ̀n, à ń fi èéfín gbẹ edé, a sì ń tún afárá ṣe. Òfin ìlú ni pé pákó tí ó wà níwájú ilé ẹni, ẹni náà ni yóò máa tún un ṣe. Bí ó bá jẹrà tí ẹlòmíràn sì gba ibẹ̀ já bọ́ sómi, ìwọ ni ìwọ yóò fà á jáde, ìwọ ni ìwọ yóò sá aṣọ rẹ̀, ìwọ náà ni ìwọ yóò sì fún un ní púpurú àti ọbẹ̀ ẹja títí aṣọ náà yóò fi gbẹ. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa, Mùsùlùmí tí ń ta àwọ̀n, tí gbogbo ènìyàn fura sí pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ já bọ́ níwájú ilé wa nítorí ọbẹ̀ ìyá mi.

Ìyá mi a ní, "Bàbá Alàwọ̀n, ẹ tún ti rí pákó wa?"

Òun a ní, "Ìyàwó mi, pákó ni ó rí mi."

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a fi ń yangàn jù lọ ni kíkó ilé. Bí òkun bá ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan, àwọn ọkùnrin a péjọ ní òwúrọ̀, wọn a tú ilé náà ní pákó kọ̀ọ̀kan, wọn a dì í sínú ọkọ̀, wọn a sì tún gbé e ró sẹ́yìn, níbi tí òkun kò tíì dé. Kí oòrùn tó wọ̀, iná ti ń jó nínú ààrò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá mi kó ilé wa lójú mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Àlejò ni òkun. A sún fún un, ó jókòó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà dàgbà, mo di olùkọ́, mo sì ń dúró níwájú àwọn ọmọ, mo ń kọ́ wọn pé omi kò lè borí ọmọ Ìlàjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn títí n ó fi padà dé orí rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọbìnrin mi tí ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí n wá kí àwọn. Oṣù kẹwàá ni; ewé igi ti pọ́n, ó ń já lulẹ̀, wọ́n sì ti fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ti kọ gbogbo ohun tí a ó ṣe sínú ìwé kékeré kan. A rìn lórí odi ìlú náà, odi òkúta tí wọ́n mọ kí a tó bí baba ńlá baba mi. A gun ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn dé òkè pátápátá. A jẹ èso kan tí wọ́n ń yan lójú pópó, tí adùn rẹ̀ wà láàárín ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan lórí odò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fi ọ̀pá tì í kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ náà ń yí bí ẹja tí a lù lórí.

Ọmọbìnrin mi wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó jẹ́ẹ́."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ mi. Mo mú wọn lọ gbọnrangandan lábẹ́ afárá méjì. Ọmọ-ọmọ mi béèrè bóyá yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní rárá, ẹnu ọ̀nà ilé wa ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi parí sí. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ-ọmọ mi mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Pákó jíjẹrà kan, àjákù ọkọ̀ tí wọ́n wú nínú ẹrẹ̀, ni wọ́n gbé sínú gíláàsì, tí ẹ̀ṣọ́ dúró tì. Mo wò ó títí. Irú pákó bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń fi dáná. Nígbà tí a jáde, a dé ibi ògiri kan létí odò tí wọ́n gbẹ́ ìlà sí lára, ìlà lórí ìlà, ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi pé ibi tí omi dé nígbà tí odò kún ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí yóò dá a dúró.

Ó ní, "Bàbá àgbà, níbo ni omi dé ní ìlú tiyín?"

Mo ní, "Ó dé ibi gbogbo."

"Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé láti ìgbà tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ni mo ti ń sọ ìtàn ilé wa fún un lórí fóònù bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ṣèlérí pé n ó fi hàn án. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kékeré rẹ̀ ni ó kọ ọ́ sí: ilé Bàbá àgbà.

Inú ń bí mi, n kò sì fi í pamọ́. Inú ń bí mi sí àwọn tí ó la ọ̀nà omi láti inú òkun wọ ilẹ̀ wa kí ọkọ̀ epo wọn lè rí ibi gbà, tí iyọ̀ sì pa igi ẹ̀gbà tí ó di ilẹ̀ náà mú. Inú ń bí mi sí àwọn tí ń wá pẹ̀lú bàtà òjò, tí wọ́n ń ya fọ́tò, tí wọ́n ń mì orí, tí wọn kò sì padà wá. Ṣùgbọ́n èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni tiwa. Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ó pa wá. Ìlú tí kò mọ ilé kó ì bá ti figbe ta ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwa rẹ́rìn-ín, a kó ilé, a tún kó o, títí ẹ̀yìn fi tán. Èmi tí mo kàwé, èmi tí ó yẹ kí n fi ọ̀bẹ sàmì sí òpó kan ṣoṣo, ìyangàn ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Bí mo ṣe padà dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ará ìlú wa kiri ní Òde Ugbò, ní Awóyè, ní Ìgbókòdá, mo ń béèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù pé ta ni ilé rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún rẹ. Ọmọbìnrin Bàbá Alàwọ̀n, tí òun náà ti di Alhaja tí ń tajà ní Ìgbókòdá, gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Olùkọ́, ẹ ti ṣì í. Pákó tí bàbá mi máa ń gbà já bọ́, ẹ̀kẹta sí ẹnu ọ̀nà yín ni. Ẹ̀kẹrin le koko, bàbá mi kò jẹ́ tẹ ibẹ̀." Báyìí ni mo ṣe mọ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, pé òótọ́ ni ohun tí a fura sí. Mo pa àmì tí mo fi sí ẹ̀kẹrin rẹ́, mo fi í sí ẹ̀kẹta. Mo fi yíǹkì pupa fa ìlà ibi tí omi dé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a sún fún un.

Ọmọ-ọmọ mi wá ní ìsinmi oṣù kẹwàá yìí. A wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní èbúté Ìgbókòdá, a lọ títí tí kò fi sí nǹkan kan níwájú wa bí kò ṣe omi. Mo ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá àgbà, ilé yín dà?"

Mo tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí a jókòó sí. Ó béèrè bóyá a kò lè kó o mọ́. Mo sọ fún un pé kò sí ẹ̀yìn mọ́ tí a ó kó o sí.

Láyé àtijọ́, ọmọ a máa jogún ilé bàbá rẹ̀, yóò sì máa tún pákó iwájú rẹ̀ ṣe. Ìwé tí mo ya ìlú náà sí ni ó kù tí ọmọ wa yóò jogún. Mo sọ fún un pé òfin náà kò yí padà: àwòrán yìí ni iwájú ilé rẹ báyìí, bí ẹnikẹ́ni bá ti ibẹ̀ já bọ́, ìwọ ni yóò fà á jáde. Inú ọkọ̀ náà ni mo ti fi àwòrán náà lé e lọ́wọ́, ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ọdún yìí.