Awakọ̀ Tó Máa Ń Kí Kámẹ́rà

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí."

Bí awakọ̀ iléeṣẹ́ wa kan ṣe máa ń kí kámẹ́rà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ nìyẹn. Èmi ni mo máa ń wo fídíò rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa l'Ẹgbẹ́dá. Ọmọ Aládùúrà ni. Á fi fìlà nu ojú kámẹ́rà, á ṣíná ọkọ̀, á dijú gbàdúrà. Kámẹ́rà á ké pé ó ń sùn.

"Àdúrà ni jàre, oorun kọ́."

Fọ́ọ̀mù tí mo máa ń kọ ìdí igbe kámẹ́rà sí ò ní àyè fún àdúrà. Oorun ni mo máa ń kọ. Oorun yẹn ni wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Nínú fídíò rẹ̀ tó kẹ́yìn, ó gbàdúrà sókè: "Olúwa, má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò mí."

Mo kọ oorun.