Ẹni Tí Mo Ní Ó Ń Wo Fíìmù

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ífẹ̀, èmi ni mò ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di pé ojoojúmọ́ ló ń falẹ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò rí iṣẹ́ wọn fi ránṣẹ́, ọ̀gá wa ní kí n wádìí ibi tó ń gbà lọ, ká lè tún un pín.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń wo bí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ṣe ń lò ó. Ti àwọn yòókù á lọ sókè, á tún wálẹ̀. Ti ọ́fíìsì kan ni kì í sinmi: fídíò ni, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo gbé e sára ògiri kí gbogbo èèyàn rí i. Mo ní, "Ẹnì kan ń bẹ níbí tó ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì wa wo fíìmù látàárọ̀ dalẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé àgbà, obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ, dìde.

"Èmi ni. Wá wo fíìmù náà."

Wọ́n na fóònù wọn sí mi. Ìyá arúgbó kan ni mo rí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká ìró, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

"Ìyá mi nìyẹn, n'Ípetumodù. Kámẹ́rà ni mo gbé sí yàrá wọn. Iyè wọn ti ra. Wọ́n ti rìn dé títì rí. Bí mo bá rí i pé wọ́n fẹ́ jáde, mo máa ń pe aládùúgbò."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn.

"Ó ti tán, ọmọ mi. Mo ti yọ kámẹ́rà náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yín."

Wọ́n yọ ọ́ lóòótọ́, síbẹ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ò yára. Ìgbà náà ni mo wò ó dáadáa: wáyà kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì jọ ń lò, ibẹ̀ ló há sí. Mo fa òmíràn, íńtánẹ́ẹ̀tì wá yára, mo sì ya ààyè sọ́tọ̀ fún kámẹ́rà ìyá náà. Mo lọ sọ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n dátà fóònù wọn ni wọ́n ń lò di òní.

Nígbà tí ọ̀gá yìn mí níwájú gbogbo èèyàn, akọ̀wé àgbà náà pàtẹ́wọ́. N ò lè gbójú sókè.